Afẹ́fẹ́ Òkè Àparò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ọmọ́ṣọlá, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ìwé ìròyìn máa ń dárúkọ. Ó ń dirun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Kàbà, kì í sì í lọ síbi tí kò ti ní gbọ́ ohùn Màmá bí wọ́n bá pè é. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bí Màmá bá ké láti inú yàrá, yóò fi kóòmù gún irun tí ó ń dì lọ́wọ́, yóò wọlé, oníbàárà á sì jókòó pẹ̀lú kóòmù lórí títí yóò fi padà. Kò sẹ́ni tó ń bínú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń sùn.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá, lẹ́yìn tí Bàbá ti kú. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu wọn bí ẹni pé oúnjẹ kún ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Lọ́kọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Àǹtí Ṣọlá wọlé nígbà náà. Èmi ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kí ó má lọ. Ó kàn dúró ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dúró ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tó yá, bí àwọn ènìyàn bá fẹ́ júwe ilé wa, wọ́n á ní, "Ilé ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ yẹn."

Màmá kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé wọn. Bí aládùúgbò bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn á fi ọwọ́ òsì di igi ibùsùn mú, wọn ò ní tú u sílẹ̀. Àfi Àǹtí Ṣọlá, tàbí Àǹtí Zipporah, àbúrò Màmá tó ń ta ẹ̀wà ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Àǹtí Zipporah kì í sì í ráàyè, èmi náà kò sì tíì gbé wọn rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá kan wà tó ń jẹ́ Olúṣèyí. Àbújá ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti ń wa ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ kan tí iṣẹ́ wọn yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ń fò fún ìgbádùn ni. Wọn kì í gbé ẹrù, wọn kì í gbé èrò. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á tẹ́ aṣọ gbàràgàdà kan tó dà bí agboòrùn sílẹ̀, wọ́n á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ so ara wọn mọ́ ọn, wọ́n á sáré, afẹ́fẹ́ á sì gbé wọn. Nígbà tí Bùrọ̀dá Ṣèyí kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyé Àgbà, ìyá Màmá, wọ́n tẹ́tí dáadáa.

"Tí wọ́n bá ti fò tán, ibo ni wọ́n máa ń dé?"

"Ìsàlẹ̀ òkè náà ni, Ìyé."

"Ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé wọn dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa," ni Ìyé Àgbà wí, wọ́n sì ń bá ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó lọ.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń dínkù, ẹgbẹ́ náà máa ń wá sí Òkè Àparò, tó wà lẹ́yìn abúlé ìyá wa, ní ìkọjá Ìkòyí ti ẹ̀gbẹ́ Kàbà. Wọ́n sì máa ń mú ará ìlú kan fò lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún yìí, Bùrọ̀dá Ṣèyí fi orúkọ Àǹtí Ṣọlá sílẹ̀. Ó pè é, Àǹtí Ṣọlá ní òun kò lè wá, ó sì pa fóònù. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ó ń fi omi gbígbóná nu ẹ̀yìn Màmá, ó bi mí pé, "Virtue, o rò pé ó máa ń pẹ́ lókè?" Mo ní n kò mọ̀. Ó tún bi mí ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, mo mú fóònù, mo pe Àǹtí Zipporah fúnra mi. Ojú máa ń tì mí láti pe àgbàlagbà, nítorí náà mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí kí n tó pè wọ́n.

Àǹtí Zipporah gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ní àárọ̀ Fúráìdé, wọ́n sọ òfin wọn kí wọ́n tó jókòó.

"Ọkọ̀ ẹ̀wà mi ń lọ sí Lọ́kọ́jà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bí wọ́n bá ti ń tan iná ní àdúgbò yìí, mo ti wà nínú ọkọ̀. Ọmọ́ṣọlá, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àǹtí."

"N kò ní dúró dè ẹ́. Bí o bá fò kọjá Kàbà, kí o yà bálẹ̀ ní àgbàlá."

Àǹtí Ṣọlá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń ṣe ìṣirò nínú ọkàn rẹ̀. Bí òun kò bá délé kí Àǹtí Zipporah tó lọ, Màmá nìkan ni yóò wà nílé mọ́jú. Kò ní sí ẹni tí yóò yí wọn padà, kò ní sí ẹni tí yóò gbé wọn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. A mọ bí ara wọn ṣe máa ń bó bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn pẹ́.

Ọ̀sán Fúráìdé ni Bùrọ̀dá Ṣèyí wá gbé wa. Àǹtí Ṣọlá jókòó níwájú, ó gbé fóònù sórí itan, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí a fi kọjá Ìkòyí. Nígbà tí Òkè Àparò yọ, bí orí ẹni tó fá irun, ó kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún wo fóònù.

A bá Ìyé Àgbà lórí àpótí níwájú ilé.

"Òkun o, Ìyé," ni a fi kí wọn, bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa.

"Òkun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó dáa tí ẹ tètè dé. A ó jọ wà nínú ilé lọ́la, a ó sì rí àyè sọ̀rọ̀."

"Àwa kò ní sí nílé lọ́la," ni Bùrọ̀dá Ṣèyí wí. "A máa wà lórí òkè."

"Ìwọ lè wà lórí òkè. Àwọn obìnrin kò lè jáde. Ìséde ni lọ́la."

Bùrọ̀dá Ṣèyí dúró pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. "Ìyé, Sọ́ńdè ni ìséde."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Mo pè yín ní Túsìdé kí n lè mọ ọjọ́ tí n ó mú wọn wá. Ẹ ní ọjọ́ karùn-ún òní."

"Ọjọ́ karùn-ún òní náà ni mo wí."

Bùrọ̀dá Ṣèyí gbé báàgì sílẹ̀, ó na ìka. "Wẹ́sìdé, ọ̀kan. Tọ́sìdé, méjì. Fúráìdé, mẹ́ta. Sátidé, mẹ́rin. Sọ́ńdè, márùn-ún."

Ìyé Àgbà wo ìka rẹ̀ títí. "Túsìdé fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí mo pè yín nìyẹn, Ìyé. A kò ka ìyẹn."

"Kí ló ṣe é tí a kò fi kà á? Àárọ̀ lo pè mí, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Mo sùn ní ọjọ́ náà, mo jí, mo jẹun. Túsìdé, ọ̀kan. Sátidé, márùn-ún. Ṣé Àbújá ni wọ́n ti kó òní kúrò nínú ọjọ́?"

Ó tún na ìka, ó kà á. Èmi náà kà á lórí ìka mi lábẹ́ ìborùn, mo rí i pé bí Ìyé Àgbà ṣe kà á ni gbogbo àgbàlagbà ilé wa ṣe máa ń kà á, bí Bùrọ̀dá Ṣèyí sì ṣe kà á ni wọ́n ṣe ń kọ́ wa ní ilé ìwé.

Ìséde yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin abúlé máa ń ṣe ohun kan lójú ọ̀nà, obìnrin kò gbọdọ̀ rí i, kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìta. N kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí obìnrin ni mí. Onígbàgbọ́ ni Ìyé Àgbà, àwọn ni olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wọn máa ń wà ní títì lọ́jọ́ náà bíi ti gbogbo ènìyàn. Nígbà tí mo bi wọ́n nípa rẹ̀ nígbà kan rí, wọ́n ní àwọn bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Àǹtí Ṣọlá jókòó sórí ilẹ̀. Ó ní kí Bùrọ̀dá Ṣèyí jọ̀ọ́ kí ó gbé òun padà sí Kàbà. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Nígbà náà ni ọkọ̀ àwọn tó ń fò dé. Ọkùnrin méjì wà nínú rẹ̀, àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Priscilla, ọmọ Ìṣánlú tó dàgbà ní Jọ́ọ̀sì. Òun ló yẹ kí ó gbé Àǹtí Ṣọlá fò, nítorí òun nìkan ló ní aṣọ tó lè gbé ènìyàn méjì. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyé Àgbà, ó ní, "Ìyé, níbo gan-an ni wọ́n tì?"

"Inú ìlú. Odò ni ààlà lápá kan, ẹsẹ̀ òkè ni ààlà lápá kejì."

"Òkè fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyé Àgbà ronú. "Òkè kì í ṣe inú ìlú. Obìnrin tí ilẹ̀ bá mọ́ bá lórí òkè kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà, ó ti ṣẹ̀."

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè?"

"Àpáta dídán ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀bọ ló ń gba ibẹ̀."

"Ẹ̀yìn odò ni a máa ń balẹ̀, nínú oko ẹ̀pà tó wà létí títì," ni Àǹtí Priscilla wí.

"Ẹ̀yìn odò kò sí nínú ìlú."

Àǹtí Ṣọlá ti gbé orí sókè.

"Bí ènìyàn bá kọjá lókè orí ìlú ńkọ́, Ìyé?" ni ó béèrè.

"Ilẹ̀ ni wọ́n tì. N kò tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n ti òfurufú." Wọ́n na ìka sí Àǹtí Ṣọlá. "Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ wo ìsàlẹ̀. Kí o di ojú rẹ títí o fi kọjá odò. Ìwọ tí ò ń darí, ṣé ìwọ náà lè di ojú?"

"Bí mo bá di ojú, Ìyé, orí igi ìrókò ni a ó balẹ̀ sí."

"Kí ìwọ wo iwájú, nígbà náà. Má wolẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Bí Àǹtí Ṣọlá bá padà sí Kàbà nírọ̀lẹ́ náà, kò ní fò. Bí ó bá sùn sílé Ìyé Àgbà títí ilẹ̀ fi mọ́, kò ní jáde títí di Sọ́ńdè. Bí ó bá gun òkè kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí ó lè fi kúrò níbẹ̀ ní Sátidé, kí ó fò. Bí afẹ́fẹ́ kò bá sì dára, yóò wà lórí òkè, Àǹtí Zipporah yóò wọ ọkọ̀ ẹ̀wà, yóò sì ku Màmá nìkan lórí ibùsùn.

"N ó gun òkè," ni Àǹtí Ṣọlá wí.

"Bí afẹ́fẹ́ kò bá wá ńkọ́?" ni Bùrọ̀dá Ṣèyí béèrè.

"Ìwọ tí o kò lè ka ọjọ́, má bi mí ní ìbéèrè."

Kí àkùkọ tó kọ ni a ti ń gun òkè. Èmi náà lọ, nítorí n kò fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ láìsí ará ilé. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, a ti jókòó sórí àpáta, Ìyé Àgbà sì ti kìlọ̀ fún wa pé kí a kọ ẹ̀yìn sí abúlé. Àpáta nìkan ni à ń wò, àti koríko gbígbẹ tó hù nínú ìlà rẹ̀. Lẹ́yìn wa, abúlé dákẹ́ rọ́rọ́. N kò gbọ́ ohùn odó, n kò gbọ́ igbe ọmọdé.

Àǹtí Priscilla so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ igi kan, ó gún un sáàárín àpáta. Ó ṣàlàyé pé iwájú, láti ìhà abúlé, ló yẹ kí afẹ́fẹ́ ti máa fẹ́ wá bá wa. Bí ó bá fẹ́ láti ẹ̀yìn, yóò tì wá ṣubú ni, kò ní gbé wa. Èmi àti Àǹtí Ṣọlá tẹjú mọ́ aṣọ pupa yẹn bí ẹni tí ń wo ìkòkò lórí iná. Ẹ̀yìn òkè ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ni, ó gbẹ, ó sì ń la ètè. A jẹ iṣu sísun, a mu kúnú tí Ìyé Àgbà dì fún wa. Oòrùn gòkè. Àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lábẹ́ wa. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn fi akoto bo ojú, wọ́n sùn. Àfẹ̀yìnlélẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó ń fò fún ìgbádùn wà lọ́jọ́ náà.

Fóònù dún. Àǹtí Zipporah ni, ohùn wọn sì ń dún tí gbogbo wa fi gbọ́.

"Ọmọ́ṣọlá, o ti fò?"

"Rárá, Àǹtí. A ń dúró de afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́ wo? Afẹ́fẹ́ wà níbí. Ó ti gbé aṣọ tí mo sá lọ sí ilé onílé."

"Ẹ̀yìn ló ti ń fẹ́ sí wa ni."

"Ẹ yí padà, nígbà náà."

Àǹtí Priscilla fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Ṣọlá kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé Màmá jẹun?"

"Ṣíbí mélòó kan. Wọ́n ní àwọn yóò jẹ èyí tó kù bí o bá dé. Awakọ̀ mi ti pè o. Ó ní òun kò ní dúró fún ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí ó pa fóònù, Àǹtí Ṣọlá dìde, ó rìn lọ sí ibi tí ọ̀nà ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ sí abúlé. Mo tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní etí ojú ọ̀nà, kò tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká pe aládùúgbò kan kí ó wá bá Màmá sùn," ni mo wí.

"Wọn á di igi mú. O mọ̀ ọ́n." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mò ń rò? Mò ń rò pé bí mo bá ti wà nílé ni, n kì bá ti máa ronú báyìí. Mo mọ gbogbo ohun tí mò ń ṣe nílé. Níbí, n kò lè ṣe ohunkóhun."

Mo sún mọ́ ọn. Mo kàn dúró tì í.

Ìgbà tí òjìji wa bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ni Bùrọ̀dá Ṣèyí ní, "Ẹ wo aṣọ." Aṣọ pupa ti rọ̀ wálẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ohun tó ti kú. Lẹ́yìn náà ó mi, ó sì na sí ọ̀dọ̀ wa. Oòrùn ti mú kí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ gbóná, ni Àǹtí Priscilla wí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń gun òkè bọ̀. Àwọn ọkùnrin ti dìde. Wọ́n tẹ́ aṣọ ńlá náà sílẹ̀, aláwọ̀ ewé àti funfun, wọ́n to okùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi bẹ́líìtì de Àǹtí Ṣọlá ní itan, ní àyà, ní èjìká, wọ́n dé akoto sí i lórí. Àǹtí Priscilla so ara rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Bí mo bá ní kí o sáré, sáré. Má jókòó, má dúró, àfi bí o kò bá rí ilẹ̀ mọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Bí o bá sì ti rí i pé ilẹ̀ kò sí mọ́, di ojú. Ó yé ẹ?"

"Ó yé mi."

"Sáré."

Wọ́n sáré. Aṣọ náà dìde lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ariwo, ó kún, ó fà wọ́n sẹ́yìn. Bí ó ṣe fà wọ́n báyìí, Àǹtí Ṣọlá tẹ orúnkún, ó fi ẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú, ó sì dúró gbọnin. Mo mọ ìdúró yẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dúró bí ó bá gbé Màmá kúrò lórí ibùsùn tí ìwúwo wọn sì bọ́ sí i lápá. Aṣọ náà yà sí ẹ̀gbẹ́, ó wó lulẹ̀ sórí àpáta. Àwọn méjèèjì ṣubú.

Àǹtí Priscilla bú sẹ́rìn-ín, ó ń mí gúlegúle. "Ìyá, agbára rẹ pọ̀ o. O fẹ́ gbé e ni?"

"Ó wúwo, mo sì rò pé ó fẹ́ ṣubú."

"Má gbé e. Òun ló fẹ́ gbé ọ."

Àǹtí Ṣọlá ń fi ọwọ́ nu orúnkún tó bó. Ó ní, "N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ pé òun kò mọ ọ̀nà ọjà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tún okùn tò. Ó gba àkókò, oòrùn sì ń lọ sílẹ̀. Ní ìgbà kejì, nígbà tí aṣọ náà fà á sẹ́yìn, mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ di ilẹ̀ mú, mo sì rí i tí ó fà á kúrò nílẹ̀ bí ẹni tó fi ipá yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ń sáré. N kò tíì rí i kí ó sáré láti ìgbà tí mo ti ní làákàyè. Ó sáré títí dé etí àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń sáré nígbà tí ilẹ̀ ti tán. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sójú. Nígbà náà ni mo rántí pé abúlé wà lábẹ́ wọn, mo yí ẹ̀yìn padà.

Bùrọ̀dá Ṣèyí ló ń sọ fún mi. "Wọ́n ti kọjá igi ìrókò. Wọ́n ń yí. Wọ́n tún gòkè díẹ̀. Wọ́n ti dé òkè orí ilé Ìyé."

"Ṣé ó ṣì di ojú?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí ìyẹn, Virtue?"

Koríko gbígbẹ nìkan ni mo ń wò. Mo ń fetí sílẹ̀ bóyá n ó gbọ́ igbe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ké.

"Odò," ni Bùrọ̀dá Ṣèyí wí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti balẹ̀. Ó dìde. Ó ń sáré lọ sí títì, kò tíì tú akoto." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ó ti dá ọ̀kadà dúró."

Àwọn ọkùnrin méjì náà fò lẹ́yìn wọn. Kò sí ẹni tó lè padà wá gbé mi, nítorí Àǹtí Priscilla kò lè kọjá nínú ìlú títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Èmi àti Bùrọ̀dá Ṣèyí ló kù lórí àpáta. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ tán nígbà tí Àǹtí Zipporah pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti dé. Akoto ló dé wọlé, màmá rẹ ò kọ́kọ́ dá a mọ̀." Ariwo ọkọ̀ wà lẹ́yìn wọn. "Àwọn èrò ti ń bú mi nínú ọkọ̀. Ó dàárọ̀."

A sun orí òkè mọ́jú, a sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà.

Nígbà tí mo délé, Àǹtí Ṣọlá ń fọ aṣọ ibùsùn. Mo bi í pé kí ló rí lókè. Ó ní òun di ojú títí Àǹtí Priscilla fi sọ pé odò ti kọjá, afẹ́fẹ́ kàn ń dún ní etí òun bí aṣọ tí wọ́n ń fà ya. "Oko ẹ̀pà ni mo la ojú sí. Ó ń bọ̀ wá bá mi, pẹ̀lú gbogbo ebè rẹ̀. Kò pẹ́ rárá, Virtue. Ó kúrú ju kí ènìyàn di irun ọmọ kékeré." Ó fún aṣọ náà gbẹ. "Kò sí ẹni tó pè mí níbẹ̀."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sétí ibùsùn Màmá. Ó ní, "Màmá, Sátidé kan nínú oṣù, n ó máa jáde láti àárọ̀. Virtue ni yóò máa wà pẹ̀lú yín. Ó ti dàgbà tó láti gbé yín." Màmá kọ ojú sí ògiri, wọ́n sì di igi ibùsùn mú. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, Àǹtí Ṣọlá á ní ó ti tán, ó ti tán. Lọ́jọ́ yìí kò wí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí Màmá fi sùn, kò sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Sátidé àkọ́kọ́ ni òní. Ó ti lọ láti àárọ̀, kò sì sọ ibi tó ń lọ. Láti ìgbà tó ti jáde ni Màmá ti di igi mú, mo sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú bàsíà omi tó ti tutù. Lẹ́yìn ọ̀sán, wọ́n tú ọwọ́ sílẹ̀. Mo gbé wọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n bọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ èyí, ṣùgbọ́n mo wẹ̀ wọ́n, mo sì yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Àwọn ẹgbẹ́ mi kọjá lójú ọ̀nà, wọ́n ń lọ sí ibi ìdánrawò akọrin. Wọ́n pè mí. Mo ní n kò lè wá.

Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí, Àǹtí Ṣọlá kò tíì dé. Mo ti mú fóònù lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo tún mú un, Màmá la ojú. Wọ́n wò mí, wọ́n wo fóònù, ẹnu wọn ṣiṣẹ́ pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

"Má pè é," ni wọ́n wí.